Iná Tó Ń Sáré: Kí Ẹ Tó Ní IC Ti Bàjẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń ṣe iná tó ń sáré fún iṣẹ́ ilé-ìwé: LED mẹ́wàá tó yẹ kó máa tàn tẹ̀lé ara wọn. Ńṣe ni wọ́n ń tàn bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó ta IC fún wọn ní ó ti bàjẹ́, kí wọ́n wá ra òmíràn. Mo ní kí wọ́n dúró ná.

IC méjì ló wà nídìí sákíìtì yìí. Èkíní ni 555, tí Hans Camenzind ṣe fún ilé-iṣẹ́ Signetics ní Amẹ́ríkà ní 1971. Ẹ pè é ní onílù tó ń lu ìlù kan náà léraléra. Èkejì ni 4017, tó ń ka ìlù yẹn láti oókan dé ẹẹ́wàá. Bó bá ti gbọ́ ọ̀kan, á pa iná tó ń tàn, á tan èyí tó kàn.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí. Lára 555, ẹsẹ̀ 4 àti 8 lọ sí pósítíìfù bátìrì volt 9, ẹsẹ̀ 1 lọ sí nẹ́gétíìfù. Ẹ so ẹsẹ̀ 2 mọ́ 6. Resistor 10k wà láàárín pósítíìfù àti ẹsẹ̀ 7, 68k wà láàárín 7 àti 6, capacitor 1µF wà láàárín 6 àti nẹ́gétíìfù. Ẹsẹ̀ 5 gba inú capacitor 10nF lọ sí nẹ́gétíìfù. Ìlù ń gba ẹsẹ̀ 3 jáde lọ sí ẹsẹ̀ 14 ti 4017, bíi mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lára 4017, ẹsẹ̀ 16 lọ sí pósítíìfù. 8, 13 àti 15 lọ sí nẹ́gétíìfù. Iná kọ̀ọ̀kan ní resistor 1k tirẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o, àwọn ẹsẹ̀ tó ń tan iná kò tò bí nọ́ńbà wọn. Bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn ni 3, 2, 4, 7, 10, 1, 5, 6, 9, 11.

Tí kò bá ṣe dáadáa, ẹ fi 10µF rọ́pò 1µF, kí ìlù falẹ̀ sí ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá, kí ojú lè bá a. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó dáadáa.

Iná kan ṣoṣo ni kò tàn? Bóyá ẹ dorí ẹ̀ kodò. Ẹsẹ̀ gígùn LED ló ń kọjú sí 4017.

Gbogbo wọn ń tàn bàìbàì pa pọ̀? Ìlù ti yá ju ojú lọ. Ẹ yẹ capacitor wò.

Kò kúrò lórí iná àkọ́kọ́? Ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ 15 kan pósítíìfù. Bó bá jẹ́ iná mìíràn ló dúró sí, ẹ wo ẹsẹ̀ 13, kí ẹ sì wò ó bóyá ìlù ń dé ẹsẹ̀ 14.

Ó ń fò, ṣùgbọ́n bákan náà ló ń fò nígbà gbogbo? Wáyà iná ni ẹ ò tò bó ṣe yẹ.

Ó ń fò kiri, tí ẹ bá sún ọwọ́ mọ́ ọn ó tún ń yí padà? Ẹsẹ̀ kan wà tí ẹ ò so.

Ti ọmọ yẹn nìyí. Ẹsẹ̀ 15 ni wọn ò so mọ́ ibì kankan. Wọ́n so ó mọ́ nẹ́gétíìfù, iná sì ń sáré létòlétò. Owó IC tuntun wà lápò.

Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ tí a ò so, òdo ni. Rárá o! Ohun tí 4017 nílò kó tó gbọ́ kéré púpọ̀. Iná díẹ̀ tó wà lára ọwọ́ wa tàbí tó ń ti ara wáyà inú ilé wá ti tó o.

Ẹ rántí ohun tí mo máa ń sọ ní kíláàsì nípa àmì ohùn. Nínú àkọtọ́ wa, sílébù tí kò lámì, ohùn àárín ló ní, torí a jọ fẹnu kò bẹ́ẹ̀. Ọkọ láìlámì, ọkọ ìyàwó ni. Ṣùgbọ́n tí òǹkọ̀wé bá ń fo àmì, ta ló máa mọ̀ bóyá ọkọ́ tí a fi ń ro oko ló ní lọ́kàn, tàbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀? Ibi tí a fi sílẹ̀ lófìfo pẹ̀lú àdéhùn yàtọ̀ sí ibi tí a kàn gbàgbé. Òǹkàwé ṣì lè ro ó wò. IC ò lè rò.

Ẹsẹ̀ 12 ti 4017 lè wà láìso, torí pé ẹnu ni, kì í ṣe etí. Àwọn tó jẹ́ etí, 13, 14 àti 15, ẹ rí i pé ẹ sọ nǹkan kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ẹ tó lọ sọ́jà.