Sàláàdì Kárọ́ọ̀tì Tó Yá Láti Ṣe

Ní Kotto, àdúgbò kan ní ìlú Douala lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, kì í ṣòro láti rí kárọ́ọ̀tì rà. Ilẹ̀ olókè ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, irú bíi Santa nítòsí Bamenda. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń sè é mọ́ ìrẹsì. Àmọ́ wọ́n tún lè jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ láwọn ibì kan ní Éṣíà: wọ́n á rin ín, wọ́n á sì pò ó mọ́ ohun kíkan, ata àti òróró. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ.

Kò di dandan kéèyàn wá èròjà ilẹ̀ òkèèrè. Lọ́dún 1937, ìjọba Soviet fipá kó nǹkan bí 170,000 ọmọ Kòríà láti ìlà oòrùn Rọ́ṣíà lọ sí Kazakhstan àti Uzbekistan. Irú kábéèjì tí wọ́n fi ń ṣe kimchi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ni wọ́n bá fi kárọ́ọ̀tì rọ́pò rẹ̀. Bí oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní morkovcha ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó wà nítòsí ni wọ́n lò. Ẹ̀yin náà lè lo ọsàn wẹ́wẹ́, yánmọtí àti ata Penja, tí wọ́n ń gbìn lójú ọ̀nà Douala sí Nkongsamba.

Ìmọ́tótó ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí pé iná kò kan kárọ́ọ̀tì yìí rárá. Àrùn onígbáméjì ti jà ní Douala lọ́pọ̀ ìgbà, títí kan ọdún 2004 àti 2011. Nígbà òjò, àgbàrá lè gbé ìdọ̀tí ṣáláńgá wọ kànga. Omi ara ọmọdé tí àrùn náà bá mú sì lè gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Torí náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, ọ̀bẹ àti abọ́. Ẹ fọ kárọ́ọ̀tì, ẹ bó èèpo rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi omi tẹ́ ẹ ti sè tó sì ti tutù ṣàn án. Ẹ má ṣe gbára lé ọsàn wẹ́wẹ́ pé á pa kòkòrò.

Fún èèyàn mẹ́rin, ẹ wá:
kárọ́ọ̀tì ńlá 4
ọsàn wẹ́wẹ́ 2
ṣíbí ìjẹun òróró 2
aáyù àti atalẹ̀ díẹ̀
iyọ̀, ṣúgà àti ata díẹ̀
yánmọtí díndín tàbí ẹ̀pà

Ẹ rin kárọ́ọ̀tì náà, ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó lè rọ̀. Ẹ da omi tó bá sun jáde nù. Ẹ fún ọsàn sí i, kẹ́ ẹ fi ṣúgà àti atalẹ̀ kún un. Ẹ gbé òróró kaná, ẹ da aáyù àti ata sí i, kẹ́ ẹ tètè sọ̀ ọ́ kó má bàa jó. Ẹ dà á sórí kárọ́ọ̀tì, ẹ pò ó, kẹ́ ẹ wá wọ́n yánmọtí sí i.

Òróró yẹn kì í ṣe torí adùn nìkan. Látinú kárọ́ọ̀tì ni ara ti ń rí ohun tó ń sọ di fítámì A, tó ń ṣe ojú láǹfààní, àmọ́ kì í rí i gbà dáadáa láìsí ọ̀rá.

Ẹ fi jẹ ẹja sísun àti miondo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọdé jẹ níbẹ̀, ẹ dín ata rẹ̀ kù. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa jẹ tán lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe, pàápàá níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège.