Poly-Rythmo ti Kùtọ̀nú: ẹgbẹ́ tí orin àtijọ́ rẹ̀ kò gbó

Ní ọdún 1968, nígbà tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, Mélomé Clément kó àwọn ọ̀dọ́ olórin jọ ní Kùtọ̀nú. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ni a mọ̀ sí Orchestre Poly-Rythmo. Nígbà tó yá, wọ́n fi “Tout Puissant” ṣíwájú orúkọ náà, ìyẹn ni pé Alágbára Jùlọ. Ìfọ́nnu ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ká a.

Láyé ìgbà náà, rédíò ni ó ń gbé orin òkèèrè wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ James Brown láti Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbọ́ Johnny Hallyday, ẹni tí ó ń kọ orin rọ́ọ̀kì ní èdè Faransé, wọ́n sì ń gbọ́ rúḿbà láti Kóńgò. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá pè sí òde ní láti mọ gbogbo rẹ̀. Irú ijó kan wà tí ó tara rọ́ọ̀kì hù, tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní “jerk”. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ọ̀pọ̀ àwo Poly-Rythmo títí di òní.

Bí ó bá jẹ́ pé orin òkèèrè nìkan ni wọ́n ń sín jẹ, bóyá kò sí ẹni tí ì bá rántí wọn mọ́. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé wọ́n mú ìlù ilé mọ́ ọn. Wọ́n mú sato, ìlù ńlá tí ó ga tó ènìyàn, èyí tí wọ́n ń lù nígbà ìrántí àwọn òkú. Wọ́n mú ìlù Sakpata pẹ̀lú. Òrìṣà kan náà ni Yorùbá ń pè ní Ọbalúayé. Orúkọ rẹ̀ kejì, a kì í pè é ní ọ̀sán gangan. Iṣẹ́ ńlá ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílù ń pín lù lójúbọ, Léopold Yéhouessi ní láti wá ọ̀nà tí yóò fi ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì bá a lọ lórí ìlù òyìnbó. Lókè ìlù náà ni gìtá Bernard Zoundégnon ti ń ké. Papillon ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Labalábá. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ gìtá náà rí yóò mọ ìdí orúkọ náà.

Adissa Seidou, tí ó ni ilé-iṣẹ́ àwo orin Albarika Store, a máa gbé wọn lọ sí Èkó, sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò kéékèèké kò ní owó Èkó. Ẹ̀rọ Nagra kan láti Switzerland, gbohùngbohùn kan tàbí méjì nínú ilé aládàáni, ó parí. Gbogbo wọn yóò lu ohun èlò wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá ṣì í, gbogbo wọn ni yóò tún un bẹ̀rẹ̀. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí tó 500.

Vincent Ahéhéhinnou, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wọn, kúrò ní ọdún 1978. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Papillon àti Léopold kú, èkíní kò jìnnà sí èkejì. Ọ̀pá tí ó gbé ilé ró ni ikú yọ. Ẹgbẹ́ náà kò tú ká, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ rọlẹ̀.

Ibi tí wọn kò fojú sí ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Àwọn àjèjì kan ń wá àwo àtijọ́ kiri ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún orin wọn tẹ̀ jáde. Ní ọdún 2008, Analog Africa ní Jámánì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ṣa orin tí àwọn oníṣòwò kéékèèké gbà sílẹ̀ láàárín 1972 sí 1975. Àwo olówó pọ́ọ́kú ìjọ́sí ni wọ́n ń dù ní òkèèrè. Lohento Eskill, ohùn tí ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà, kò rí àsìkò yìí dáadáa: ó kú ní ọdún 2006.

Ní ọdún 2007, Élodie Maillot, oníròyìn rédíò kan láti Faransé, wá sí Bẹ̀nẹ̀, ó sì bá wọn pàdé. Ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kí ó mú wọn lọ ṣeré ní Yúróòpù. Ní ọdún 2009, ó ṣeé ṣe. Àwọn tí wọ́n ti ń lu orin fún ogójì ọdún ó lé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé iwájú àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí wọn kò tíì bí nígbà tí a gba orin náà sílẹ̀.

Ní ọdún 2011, àwo tuntun wọn jáde, Cotonou Club. Angélique Kidjo bá wọn kọ orin wọn àtijọ́, Gbeti Madjro, níbẹ̀, àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ Franz Ferdinand ti ilẹ̀ Scotland sì bá wọn lu òmíràn. Ohùn àwo náà mọ́ ju ti Nagra lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ eruku ìgbà ìwáṣẹ̀ yóò ní láti padà sọ́dọ̀ àwọn àwo ti àtijọ́.

Mélomé Clément kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Ọ̀pọ̀ rò pé ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ náà tún gbé Madjafalao jáde. Ẹni tí ó ṣíwájú wọn ni Vincent Ahéhéhinnou, ẹni tí ó ti kúrò láàárín wọn ní 1978.