Ìtàn Yé Ọ, Ṣùgbọ́n Ṣé O Dáhùn Ìbéèrè?

Lítíréṣọ̀ Yorùbá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí, torí mo ti rí i pé àwọn tó mọ ìtàn sórí jù kọ́ ló ń gba máàkì jù.

Ẹnì kan wà ní kíláàsì wa tó lè sọ ìtàn inú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìwo ìwé. Ní táámù tó kọjá, ojú ewé mẹ́ta ló kọ, máàkì 8 nínú 20 ló gbà. Ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìwé náà. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹnikẹ́ni ò rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n ní kó ṣàlàyé ohun tó sọ Ẹfúnṣetán di òǹrorò; òun ń ròyìn bí Látòósà ṣe bá a jà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi dáhùn ohun tí wọ́n bi í, ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì ló sì fi í pa mọ́ sí!

Ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè fi pàṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fa ìlà sí nídìí. "Sọ ní ṣókí" kò fẹ́ ojú ewé mẹ́ta. "Jíròrò" ń fẹ́ kó o wo ọ̀tún wo òsì: Ẹfúnṣetán burú, òótọ́ ni, àmọ́ kí ló ṣe é?

Ìpínrọ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ ọ́ báyìí: "Ẹfúnṣetán burú gan-an. Ó pa Adétutù." Ó parí. Ẹ wá wo èyí:

"Ikú ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí, tó kú síbi ìkúnlẹ̀, ló sọ ọkàn rẹ̀ di òkúta. Ó ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Nígbà tí Adétutù lóyún, ó ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Èyí fi hàn pé ayọ̀ tí òun pàdánù ni kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ní."

Gbólóhùn kìíní dáhùn ìbéèrè, èkejì àti ẹ̀kẹta mú ẹ̀rí wá látinú ìwé, ẹ̀kẹrin sọ ohun tí ẹ̀rí náà túmọ̀ sí. Ẹ̀kẹrin yìí la máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ni tíṣà ń wá kiri. Bó ṣe rí náà nìyẹn fún ọnà èdè. Ẹni tó kàn kọ pé "àfiwé tààrà wà níbẹ̀" kò tíì sọ nǹkan kan. Kí ni àfiwé náà ṣe fún ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ ọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Hísítìrì, ẹ ṣọ́ra o. Wọ́n pa Ẹfúnṣetán tó jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn lóòótọ́ ní 1874. Nínú eré Ìṣọ̀lá, ara rẹ̀ ló pa. Tinú ìwé tí wọ́n yàn fún wa ni kí ẹ kọ.

Tí ẹ ò bá rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀dá ìtàn bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ ọ́, kí ẹ má fi àmì àyọlò sí i. Tí ìbéèrè bá jẹ́ mẹ́rin fún wákàtí méjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi márùn-ún àkọ́kọ́ to kókó mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Mo máa wà ní láíbúrì lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí a bá jáde kíláàsì. Kí ẹni tó bá fẹ́ mú ìpínrọ̀ kan wá, ká jọ wá gbólóhùn kẹrin rẹ̀.