Ọmọ Àlejò Nínú Kíláàsì

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo, ní 1955 ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ onílé, ọmọ àlejò ráyè wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò yé wọn bákan náà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babs Fafunwa, Mùsùlùmí bíi tiwa, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n mókè ju àwọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá!

Ó dára. Bí tíṣà ní Bọ́lọ́rundúró bá wá ń fi Yorùbá kọ́ni, ọmọ Ebira tí òbí rẹ̀ wá dáko, tó ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ńkọ́? Èmi ò gbà pé olódo ni. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ tì í fún táàmù kan, kí ẹ tó fún un ní ìdánwò.