Tòmátì Pọ̀ Lẹ́yìnkùlé: Bí A Ṣe Lè Pa Á Mọ́ Kó Má Baà Rà

Bí a ti ń kọ ìwé yìí, agbọ̀n tòmátì mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó rà á, kò sì sẹ́ni tó ní kí a bá òun tà á. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbé e wá pé kí a máa fi se ọbẹ̀. A dúpẹ́ o, ṣùgbọ́n ilé tiwa náà kún. Gbogbo ẹni tó gbin tòmátì sí ẹ̀yìnkùlé nígbà òjò àkọ́rọ̀ ló ń ká a báyìí. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ fún, òun náà ń wá ẹni tí yóò fún.

Ọ̀rọ̀ owó sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan nínú wa yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra irúgbìn àti ajílẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí pé inú tòmátì ni àwọn yóò ti san án. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbé agbọ̀n mẹ́ta lọ sọ́jà. Ó ta méjì, owó tó mú bọ̀ kò ju owó ọkọ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Ó ní òun ò lè tún san owó ẹrù láti gbé e padà, ẹ̀bá títì ló dà á sí. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún wa, kò sunkún, ṣùgbọ́n a rí i pé ó dùn ún wọra.

Ẹ jẹ́ ká wo bí tòmátì ṣe ń lọ ní ilẹ̀ wa. Èyí tí àwa ń gbìn ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, oṣù kẹfà àti ìkeje ló máa ń pọ́n, gbogbo rẹ̀ a sì pọ́n papọ̀. Èyí tí àwọn ará Òkè Ọya ń bomi rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló máa ń ya dé Mile 12 ní Èkó àti àwọn ọjà wa gbogbo. Tí tiwọn bá tán, tí tiwa kò sì tíì pọ́n, ìgbà náà ni tòmátì máa ń wọ́n bí ojú. Ẹ ò ní gbàgbé oṣù karùn-ún ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run lọ́hùn-ún, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Tàtàṣé àti ata rodo nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń se ọbẹ̀ nígbà náà. Tòmátì tí a ń dà sẹ́bàá títì lóṣù keje yìí, òun gan-an la ó máa wá kiri lóṣù karùn-ún.

Kí ló ń mú tòmátì tètè rà bẹ́ẹ̀? Omi ni. Bí ẹ bá gbé kílò mẹ́wàá sórí ìwọ̀n, omi inú rẹ̀ nìkan lé ní kílò mẹ́sàn-án. Gbogbo ọgbọ́n tí a fẹ́ dá kò ju pé kí a yọ omi yìí kúrò, tàbí kí a dí ọ̀nà mọ́ ohun tó ń bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná, ẹ yé dúró dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pọ́n kankan sórí igi. Bí ìdí rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pupa díẹ̀, ẹ ká a, yóò pọ́n tán nínú ilé. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní tàbí páálí níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí wọ́n má gun ara wọn. Ẹ lè fi bẹ́ẹ̀ rí bí ọ̀sẹ̀ kan gbà sí i. Agbọ̀n jíjìn tí a ń kó o sí yìí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń fi ara gbá gbogbo ìyà. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa yọ èyí tó fọ́ tàbí tó hu funfun, nítorí ẹyọ kan á kó bá ogún. Èyí tó bá ti hu, ẹ má gé apá kan kí ẹ lo ìyókù. Ẹ jù ú sórí ààtàn.

Ọ̀nà tó bá wa mu jù nígbà òjò ni kí a sè é gbẹ. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ gé ibi tó dúdú kúrò, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ láìfi ata tàbí àlùbọ́sà sí i. A ó sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Tòmátì tiwa tó rí ribiti, tó ní ìlà lára, omi rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tó gùn lọ, nítorí náà ẹ ó ní sùúrù fún un. Àwọn kan máa ń da èyí tí wọ́n lọ̀ sínú àpò kí omi rẹ̀ ro dànù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé dà á nù! Kíkan tòmátì àti adùn rẹ̀ wà nínú omi yẹn. Bí igi ìdáná tàbí gáàsì bá wọ́n, ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ rọra da omi òkè sínú abọ́, kí ẹ sì fi se ìrẹsì lálẹ́ ọjọ́ náà. A ti dán an wò nílé wa, àwọn ọmọ fi ìka nu àwo.

Ìkòkò tó fẹ̀ lẹ́nu sàn ju èyí tó jìn lọ, torí omi á tètè gbẹ. Ẹ má lo ìkòkò irin, ẹ má sì lo tánńganran tí ara rẹ̀ ti ṣí, nítorí kíkan tòmátì a máa jẹ irin. Iná kó má pọ̀ jù. Láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki, ẹ máa fi ọmọrogùn rò ó kanlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jóná nísàlẹ̀, òórùn jíjóná náà á sì gba gbogbo rẹ̀ kan. Ó lè gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá ku ìdá kan nínú mẹ́rin, tí ẹ fa ọmọrogùn kọjá tí ìdí ìkòkò hàn, tí kò sì tètè padé, ó ti tó.

Ibi tí a ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa la dé yìí o, ìyẹn ọ̀rọ̀ rírọ ọ́ sínú ìgò.

Ní ọdún tó kọjá, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa lọ tòmátì, tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà pọ̀. Ó fi káún díẹ̀ sí i kí kíkan rẹ̀ lè lọ, ó dín in nínú òróró, ó rọ ọ́ sí ìgò méjìlá, ó da òróró lé e lórí, ó dé e pa, ó sì kó o sábẹ́ ibùsùn. Ó fún àwa náà ní ìgò kan. A jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, a sì yìn ín. Àwa gan-an la sọ fún un pé kí ó kó ìyókù wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ kí a fi orúkọ ẹgbẹ́ tà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdérí ìgò kan fò lóru, òróró sì ta sára ògiri. Nígbà náà ni ojú wa tó là. A lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ohun tí a gbọ́ sì bà wá lẹ́rù.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ilẹ̀ tí sísè lásán kì í pa irúgbìn rẹ̀. Kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Bí ó bá wà nínú ìgò tí a dé pa, tí kò sí kíkan tó pọ̀ níbẹ̀, yóò hù, yóò sì tu oró sílẹ̀. Oró yìí kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í yí adùn oúnjẹ padà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè máa rí nǹkan kan ní méjì, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, mímí á sì di ìṣòro fún un. Ó ń pa ènìyàn. Kíkan tòmátì ló ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ rẹ̀, kíkan náà kò sì tilẹ̀ tó nínú àwọn tòmátì kan. Ata àti àlùbọ́sà kì í kan, wọ́n sì ń dín kíkan tòmátì kù. Káún wá pa ìyókù. Òróró tí a dà lé e lórí, afẹ́fẹ́ ló dí mọ́ ọn, ohun tí kòkòrò yìí sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí a rò pé ó dára ló ń ràn án lọ́wọ́.

Ìyá wa bínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ṣe máa ń ṣe é, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kì í kó o sábẹ́ ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àárọ̀ àti alẹ́ ló ń gbé ọbẹ̀ náà kaná tí ó ń hó, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́ tán. Híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá a máa ba oró yẹn jẹ́. Ìgbìmọ̀ ní kí a da ìgò tó kù nù, ẹgbẹ́ sì san owó òróró fún un, torí àwa la fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa tì í síbẹ̀. Ìpàdé méjì ni kò fi wá. Ó ti ń wá báyìí, òun náà ló sì ní kí a kọ ọ́ síwèé kí ẹlòmíràn má baà ṣe é.

Nítorí náà, tòmátì nìkan ni kí ẹ rọ sígò. Kò sí ata, kò sí àlùbọ́sà, kò sí òróró, kò sí káún. Ìgò aláwòyanu tó fẹ̀ lẹ́nu, tí ìdérí rẹ̀ kò tẹ̀ tí rọ́bà rẹ̀ kò sì gé, ni kí ẹ lò. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Bí ìgò bá gba ìdajì lítà, ẹ fi síbí ìjẹun ńlá kan omi ọsàn lẹ́móònù tí wọ́n ń tà nínú ìgò sí i, tàbí ìdá mẹ́rin síbí ìpotíì kan citric acid, èyí tó funfun bí iyọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a já lórí igi, kíkan rẹ̀ kì í dọ́gba, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ rọ tòmátì gbígbóná sí i, ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ tẹ́ aṣọ sí ìdí ìkòkò, kí omi bo ìgò mọ́lẹ̀, kí ó sì hó fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ìka tẹ ìdérí. Bí ó bá ń sọ kulẹ̀ tí ó ń sọ sókè, kò dé dáadáa, ẹ se é lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ se ọbẹ̀ ni kí ẹ wá lọ ata yín mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ní fíríìsà lè lọ ata mọ́ tiẹ̀, torí yìnyín kò ní jẹ́ kí kòkòrò yẹn hù. Inú ọ̀rá ni kí ẹ pín in sí, ìwọ̀n ọbẹ̀ kan nínú ọ̀rá kan. Iná mànàmáná wa, ẹ mọ bó ṣe ń ṣe. Fíríìsà tó kún fọ́fọ́, tí a kò ṣí, lè dì mú fún nǹkan bí ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì kò ju ọjọ́ kan lọ.

Sísá sóòrùn ńkọ́? Kì í ṣe nísinsìnyí. A ti rí ẹni tó sá a sórí páànù lóṣù keje, ní ọjọ́ kejì, òjò àti eṣinṣin ti pín in láàrin ara wọn. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìparí ọdún nígbà tí ọyẹ́ bá dé, fún tòmátì tí a bá gbìn ní oṣù kẹjọ. Ẹ ó là á sí méjì, ẹ ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ tó ga kúrò nílẹ̀, ẹ ó sì fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó. Bí òjò bá ń rọ̀ tí ẹ sì fẹ́ gbẹ ẹ́ dandan, orí àwọ̀n irin lókè iná ẹ̀yín tí kò rú èéfín ni kí ẹ tò ó sí, bí a ti ń ṣe ẹja. Kílò ogún yóò kù sí kílò kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kó o sínú ìgò gbígbẹ, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí omi bá sẹ̀ sára ìgò nínú, kò tíì gbẹ, ẹ dá a padà sórí iná.

Ẹ yọ irúgbìn kí gbogbo rẹ̀ tó tán. Ẹ ṣa èyí tó dára jù, ẹ tẹ hóró rẹ̀ sínú abọ́, ẹ jẹ́ kó kan fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbẹ ẹ́ sábẹ́ ìbòòji. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ F1 sára páálí irúgbìn tí ẹ rà, ẹ má yọ tiẹ̀, ọmọ kò ní jọ ìyá. Ilé iṣẹ́ ìwádìí NIHORT tó wà ní Ìdí-Ìṣìn ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, orí irú ọ̀gbìn bí èyí ni iṣẹ́ wọn dá lé, ẹ lè béèrè ọ̀rọ̀ irúgbìn níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gbìn, ẹ gbin ìdajì, kí ẹ gbin ìyókù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bóyá agbọ̀n mẹ́ta kò ní tún bá wa lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní ti owó yíyá, ìgbìmọ̀ ti gbà kí ẹni tó yá owó nítorí tòmátì san ìdajì lóṣù yìí, kí ó sì san ìyókù lóṣù kejìlá. Kí ó wá fọwọ́ síwèé ní ọ́fíìsì kí oṣù tó parí. Ẹgbẹ́ ní ìkòkò ńlá méjì tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ méjì fún ẹnì kan. Ẹ wá kọ orúkọ yín sílẹ̀. Kí ẹni tó bá yá a jọ̀wọ́ fọ̀ ọ́ kó tó dá a padà. Èyí tó padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, odidi wákàtí kan la fi họ ìdí rẹ̀.