Plásítà Orí Ikùn àti Abẹ́rẹ́ Dókítà: Èwo Ló Ń Dín Ọ̀rá Kù?

Plásítà ìdínsanra jẹ́ ìlẹ̀mọ́ra pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ikùn, apá tàbí itan, pẹ̀lú ìlérí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò pa ebi, yóò sì yọ́ ọ̀rá dànù. Ẹnikẹ́ni ló lè rà á láìfojú kan dókítà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sára páálí rẹ̀ ni omi ewé tíì, guarana, Garcinia cambogia, berberine àti ewéko inú òkun tí wọ́n ń pè ní fucus. Láti ìgbà tí òkìkí abẹ́rẹ́ Ozempic àti Wegovy ti kàn káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ti fún un lórúkọ tuntun. "Plásítà GLP-1" ni wọ́n ń pè é báyìí, kí ẹni tó bá rí i lè rò pé ọmọ ìyá abẹ́rẹ́ ni.

GLP-1 jẹ́ họ́mọ̀nù tí ìfun ènìyàn fúnra rẹ̀ máa ń tú jáde nígbà tí oúnjẹ bá dé ibẹ̀. Ó máa ń mú kí ara tú ínsúlínì sílẹ̀ láti fi bójú tó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń fa ọwọ́ ikùn sẹ́yìn kí oúnjẹ má baà tètè kúrò níbẹ̀, ó sì máa ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ènìyàn ti yó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í pẹ́ lára: láàrin bí ìṣẹ́jú 2, ìdajì rẹ̀ ti fọ́ dànù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi wá bí wọ́n ṣe máa ṣe èyí tó lè pẹ́. Ọ̀kan nínú ohun tó là wọ́n lójú ni oró alángbá ńlá kan tó ń gbé aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Ní 1992, Dókítà John Eng rí nǹkan kan nínú oró náà tó ń ṣiṣẹ́ bíi GLP-1, ṣùgbọ́n tí ara kì í tètè fọ́. Láti ara rẹ̀ ni exenatide ti wá, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní 2005. Semaglutide tẹ̀ lé e. Èyí máa ń pẹ́ débi pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára, ìdí sì nìyí tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gún un. Orúkọ rẹ̀ ni Ozempic nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i fún ìtọ̀ ṣúgà ní 2017, ó sì di Wegovy nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i fún ìsanra ní 2021. Tirzepatide, tó ń ṣe iṣẹ́ họ́mọ̀nù méjì pọ̀, dé gẹ́gẹ́ bíi Mounjaro ní 2022 àti Zepbound ní 2023.

Kò sí GLP-1 nínú ewé tíì, kò sì sí i nínú ewéko òkun. Orúkọ lásán ni plásítà yá lò.

Kí Wegovy tó dé orí káńtà, wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ènìyàn 1,961 fún ọ̀sẹ̀ 68. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń gba oògùn gidi, àwọn yòókù ń gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn kankan nínú, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tí wọ́n ń gún òun. Gbogbo wọn ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe máa dín oúnjẹ kù tí wọ́n sì máa fi kún eré ìdárayá. Nígbà tí ìdánwò parí, àwọn tó gba oògùn ti sọ nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo wọn nù. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ òfìfo sọ ìdá 2.4 nù. Ẹni tó wọn kílò 100 ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò wọn bíi 85 nígbà tó bá parí. Ti tirzepatide lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ìdánwò tó gba ènìyàn 2,539 fún ọ̀sẹ̀ 72, àwọn tó gba ìwọ̀n tó pọ̀ jù lọ sọ ìdá 20.9 nù, àwọn tó gba òfìfo sì sọ ìdá 3.1 nù. Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n tún fún àwọn ènìyàn 17,604 tó sanra tí wọ́n sì ti ní àrùn ọkàn ní semaglutide tàbí òfìfo, wọ́n sì rí i pé ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú látọwọ́ àrùn ọkàn fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàrin àwọn tó gba oògùn. Kò sí plásítà ìdínsanra kankan tó ti la irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kọjá.

Ṣé plásítà kò lè gbé oògùn wọ ara ni? Ó lè gbé e. Àwọn dókítà ti ń lò ó tipẹ́: plásítà scopolamine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1979, ń dá ìrìndọ̀ dúró fún arìnrìn-àjò ojú omi, ti nicotine ń ran ẹni tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ lọ́wọ́, ti fentanyl ń pa ìrora líle. Ṣùgbọ́n ògiri ni awọ ara jẹ́. Èèpo òkè rẹ̀ pátápátá, tí kò nípọn tó tákàdá, jẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú tí wọ́n tò jọ bíi bíríkì, ọ̀rá sì ni sìmẹ́ǹtì àárín wọn. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tó bọ́ sódò wú bíi gàrí tí omi dà sí. Ohun tó bá máa gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ kéré ní ẹyọ, ìwọ̀n kín-ín-kín rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó láti ṣiṣẹ́.

Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń lò fún ẹyọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni Dalton, ohun tó bá sì ju bíi 500 lọ kì í sábà rí ọ̀nà kọjá nínú awọ. Nicotine jẹ́ 162. Semaglutide ju 4,100 lọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá tilẹ̀ da ojúlówó semaglutide sínú plásítà lásán, ìta ògiri ni yóò dúró sí. Berberine ní tirẹ̀ kéré tó láti kọjá, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ló dá a dúró. Plásítà nicotine tó lágbára jù lọ ń gbé mílígíráàmù 21 wọ ara lójúmọ́, ti scopolamine ń gbé mílígíráàmù 1 péré fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n fi berberine ṣe ìwádìí, tí wọ́n ń gbé e mì, sábà máa ń lo bíi mílígíráàmù 1,500 lójúmọ́, ìwúwo tí wọ́n sọ nù kò sì tó nǹkan. Ká tilẹ̀ ní ó ń kọjá bí nicotine ṣe ń kọjá, ẹni náà yóò ní láti lẹ plásítà tó lé ní 70 mọ́ra lójoojúmọ́. Ara ta ni yóò gba ìyẹn?

Òfin náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1994 gba àwọn tó ń ta àfikún oúnjẹ láàyè láti tà á láìkọ́kọ́ fi ẹ̀rí han ìjọba pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń gbé mì nìkan ni òfin yẹn mọ̀ ní àfikún oúnjẹ. Ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ kò sí lára rẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ "àfikún" sára páálí. Àjọ FTC, tó ń gbógun ti ìpolówó ẹ̀tàn níbẹ̀, ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn pé irọ́ ni ìpolówó èyíkéyìí tó bá sọ pé ohun tí ènìyàn wọ̀ sára tàbí tó fi pa awọ yóò mú kó sọ ìwúwo púpọ̀ nù. Ó ti pe àwọn tó ń ta plásítà ewéko òkun lẹ́jọ́ rí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Oògùn dókítà kì í ṣe ohun eré. Ìrìndọ̀, èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrígbẹ́yà ló wọ́pọ̀ jù. Nítorí ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìwọ̀n rẹ̀ sókè. Wegovy máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílígíráàmù 0.25 lọ́sẹ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n sì máa ń fi gbé e dé 2.4. Ó lè fa òkúta inú òróòro, àwọn díẹ̀ sì máa ń ní ìwúlé nínú ẹ̀yà tó ń pèsè ínsúlínì, tó lè gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí irú jẹjẹrẹ ọ̀fun kan, ti tairọ́ìdì onímẹ́dúlà, bá wà nínú ìdílé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó, aláboyún náà kò gbọ́dọ̀ lò ó, obìnrin tó bá sì ń gbèrò oyún gbọ́dọ̀ dáwọ́ Wegovy dúró ní ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú. Nítorí irú ìbéèrè báyìí ni dókítà fi wà níbẹ̀. Kò sí páálí plásítà tó lè bi ènìyàn ní ọ̀kankan nínú wọn.

Ìtàn oògùn ìsanra ní àbùkù tirẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n gbá fenfluramine kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà ní 1997 nítorí pé ó ń ba ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́. Sibutramine kúrò ní 2010 lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé ó ń fi kún ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ohun tó dáàbò bo àwọn ènìyàn nígbà náà ni pé ẹnìkan ń ka iye àwọn tó ń ṣàìsàn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti bá sibutramine yìí kan náà nínú àgúnmu àti kóró ìdínsanra tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí ewé àti egbò lásán. Ẹni tó gbé e mì kò mọ̀.

Gbogbo ohun tí ènìyàn lè rà láìsí ìwé dókítà kọ́ ni asán o. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí orlistat oní mílígíráàmù 60, tí wọ́n ń pè ní Alli, ní 2007. Ó máa ń dí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀rá tí ènìyàn jẹ lọ́nà kó má baà wọ ara, ọ̀rá náà á sì bá ìgbẹ́ jáde. Kílò díẹ̀ ló ń dín kù, ìgbẹ́ ọlọ́ràá sì máa ń dójú ti ẹni tó bá jẹ oúnjẹ elépo púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ wà.

Owó ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ́dọ̀ oníplásítà. Nígbà tí Wegovy kọ́kọ́ jáde, iye tí wọ́n kọ sí i ju dọ́là 1,300 lọ lóṣooṣù, kò sì sí pé ènìyàn lò ó parí. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn kan tó wà nínú ìdánwò semaglutide fún ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo tó kúrò ti padà. Ọ̀wọ́n gógó oògùn yìí wà lára ohun tó bí ayédèrú abẹ́rẹ́. Ní oṣù Kẹfà 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé wọ́n ti rí ayédèrú Ozempic ní Brazil, ní Brítéènì àti ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Yorùbá wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́ta yìí, àwọn tó wà nílé sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rà á ránṣẹ́. Kí ẹni tó ń ránṣẹ́ rántí pé inú fíríìjì, láàrin ìwọ̀n ooru 2 sí 8, ni Wegovy gbọ́dọ̀ wà, bó bá sì ti kúrò níbẹ̀, ọjọ́ 28 péré ló lè lò níta, níbi tí ooru kò bá ti ju 30 lọ. Inú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, tàbí ilé tí iná kì í dúró, kò bá a mu.

Ẹni tí ìsanra ń dà láàmú, pàápàá tó bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó lọ bá dókítà, kó sì béèrè oògùn tó bá ara rẹ̀ mu. Kó rà á ní kẹ́míìsì tó ní ìwé àṣẹ, bó bá sì jẹ́ Nàìjíríà ló wà, kó wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kó tó sanwó. Ẹni tó ti lẹ plásítà mọ́ra, tí ibẹ̀ ń yún un tàbí tó ń lé ròrò, kó yọ ọ́, kó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, kó sì mú páálí rẹ̀ dání lọ fi han dókítà.