Ìnàkí, Èdè àti Ìgbèkùn

Èdè ni àwọn onímọ̀ kà sí ohun tí ó ya ènìyàn sọ́tọ̀ láàárín ẹ̀dá. Lẹ́yìn Washoe, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti mú abo ìnàkí yìí ní kékeré fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà. Ní 1966, Allen àti Beatrix Gardner gbà á tọ́ ní Nevada. Níwọ̀n bí ọ̀fun ìnàkí kò ti lè gbé ìró ohùn ènìyàn jáde, èdè ìfọwọ́sọ̀rọ̀ àwọn adití ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó sì mọ àmì bí 130.

Ti Loulis, ọmọ tí Washoe gbà tọ́ ní 1979, ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè fara balẹ̀ wò. Àwọn olùtọ́jú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lo àmì kankan lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ́ ọ̀pọ̀ àmì lọ́dọ̀ àwọn ìnàkí ẹgbẹ́ rẹ̀. Herbert Terrace, tí òun náà kọ́ ìnàkí kan tí ń jẹ́ Nim, sọ ní ọdún yẹn kan náà pé àfarawé lásán ni, kò sí gírámà níbẹ̀. (Ọ̀rọ̀ gírámà kì í kúkú tán bọ̀rọ̀ láàárín àwọn onímọ̀.)

Washoe kú sí ìgbèkùn ní 2007. Bẹ́ẹ̀, ní 1960, Jane Goodall ti rí ìnàkí tí ń fi koríko yọ ikán jẹ nínú igbó Gombe ní Tanzania, láìsí ẹni tí ó dè é mọ́lẹ̀. Díẹ̀ ṣì kù nínú igbó ọba Ìsẹ̀-Èkìtì. Kí ọdẹ tó lè mú ọmọ ìnàkí láàyè, ìyá rẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ pa.